Bí Agbaninímọ̀ràn Ṣe Ń Di Mínísítà: Iṣẹ́ Božidar Đelić ní Sérbíà

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, ọkùnrin kan tí kò tíì pé ẹni ọdún 36 gba àpò ìjọba Sérbíà sọ́wọ́. Àpò náà ti lu jára. Božidar Đelić ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Belgrade ni wọ́n bí i sí ní 1965, àmọ́ Paris ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló sì ti kàwé kó tó lọ sí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó pè é wálé ni iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn lórí òwò, ní iléeṣẹ́ McKinsey. Láàárín ọdún mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ ìjọba, ẹ̀ẹ̀mejì ló jáde. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ gan-an ní àwọn orílẹ̀-èdè ìlà-oòrùn Yúróòpù, mo sì rò pé ó yẹ kí ènìyàn mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tó bá di àpò ìlú mú ló ń pinnu ohun tí arúgbó máa jẹ lópin oṣù.

Ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn. Iléeṣẹ́ ńlá kan rí i pé èrè òun ń dínkù, kò sì mọ ibi tí omi ń gbà wọ inú ọkọ̀. Yóò ránṣẹ́ pe àwọn bíi McKinsey, iléeṣẹ́ tí James McKinsey dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1926. Wọ́n á rán àwọn ènìyàn díẹ̀ wá. Àwọn yẹn á gba ìwé ìṣirò, wọ́n á bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á fi ìnáwó iléeṣẹ́ náà wé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì kọ àbá wọn sílẹ̀ fún ọ̀gá àgbà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á gbowó wọn, ó di gbéré. Bí àbá náà bá ní kí wọ́n ti ilé-ẹ̀rọ kan pa, ọ̀gá àgbà ló máa dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sunkún. Agbaninímọ̀ràn ti wọ bàálù lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe pé kò láàánú. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn: ẹni tó dá àbá kọ́ ló ń fọwọ́ sí i.

Nǹkan mìíràn tún wà. Àwọn iléeṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn jókòó sójú kan. Ẹni tí kò bá gòkè láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n á ní kó máa wá ibòmíràn lọ. Torí náà, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí fọ́n káàkiri báǹkì, iléeṣẹ́ ńlá àti ọ́fíìsì ìjọba lágbàáyé, wọ́n mọ ara wọn, èdè ìṣirò kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Nígbà tí ìjọba tuntun kan bá ń wá ẹni tó lè bá àwọn ayánilówó ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ láìfi ògbufọ̀ sí i, àárín àwọn wọ̀nyí ni ojú rẹ̀ máa ń lọ.

Kí Đelić tó dé McKinsey pàápàá, ó ti wà lára àwọn tó bá Jeffrey Sachs, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, gba ìjọba Pólàńdì àti ti Rọ́ṣíà nímọ̀ràn nígbà tí àwọn méjèèjì ń kúrò nínú ètò ìjọba kọ́múníìsì. Ó ti rí i lójúkojú bí orílẹ̀-èdè ṣe ń yí ètò owó rẹ̀ padà, ibi tó ti ń yọrí sí rere àti ibi tó ti ń dójú dé.

Báwo wá ni ẹni tí kò du ìbò ṣe ń di mínísítà? Òfin Sérbíà fàyè gbà á. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní ọmọ ẹgbẹ́ 250. Ẹni tí ààrẹ bá yàn láti di olóòtú ìjọba yóò kó orúkọ àwọn mínísítà rẹ̀ wá síwájú ilé, àwọn aṣòfin 126 ó kéré tán yóò sì dìbò fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mínísítà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣòfin lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ aṣòfin tẹ́lẹ̀, àga yẹn yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olóòtú ìjọba lè tipa bẹ́ẹ̀ mú ẹnikẹ́ni láti yunifásítì, láti báǹkì, tàbí láti òkè òkun. Lọ́jọ́ 25 oṣù kìíní 2001, Zoran Đinđić di olóòtú ìjọba lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú ti lé Slobodan Milošević kúrò lórí oyè lọ́jọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú. Đinđić fi Đelić ṣe mínísítà fún ètò ìnáwó.

Kí ẹ tó lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó, ẹ ní láti mọ ohun tí ojú àwọn ará Sérbíà ti rí. Ogun ti fọ́ Yugosláfíà sí wẹ́wẹ́. Láti oṣù karùn-ún 1992 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fòfin de wọn láti bá ayé ṣòwò. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó jáde bí ẹní ń tẹ ìwé ìròyìn. Nígbà tí 1993 fi máa parí, wọ́n ti tẹ owó pépà kan tó jẹ́ bílíọ̀nù 500 dinar, ẹyọ kan ṣoṣo. Ní oṣù kìíní 1994, ohun tí wọ́n ń ta ní dinar 1 nígbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù 3 dinar kí oṣù tó parí. Ẹni tó gba owó oṣù láàárọ̀ tí kò tètè fi ra búrẹ́dì, ó ti di aláìní kó tó dọ̀sán. Dragoslav Avramović ló gbé dinar tuntun tó so mọ́ owó máàkì Jámánì kalẹ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù kìíní yẹn, ìjì náà sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tó ti lọ kò padà. Lẹ́yìn èyí, àjọ NATO rọ̀jò bọ́ǹbù lé wọn lórí fún ọjọ́ 78 ní 1999, afárá, ilé iná mànàmáná àti ilé-ẹ̀rọ sì wó.

Lójú tèmi, ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́. Ní àkókò Yugosláfíà, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ló lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, Ọ́síríà àti Switzerland, wọ́n sì ń kó máàkì wá sí báǹkì nílé. Owó ìyàwó wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, owó ọjọ́ ogbó náà wà níbẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè ń fọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, báǹkì ti ilẹ̀kùn mọ́ owó yẹn: ó wà nínú ìwé, kò ṣeé gbà. Orúkọ kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, tó túmọ̀ sí ìpamọ́ owó òkèèrè ti àtijọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ létí arúgbó Belgrade kan títí dòní, ojú rẹ̀ máa yí padà.

Ìwé gbèsè ló wà lórí tábìlì mínísítà tuntun náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orí gbèsè sì ni ìmọ̀ tó gbé bọ̀ láti òkè òkun ti wúlò jù.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń yá ẹlòmíràn lówó ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Paris Club. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni Nàìjíríà bá ṣe àdéhùn ní 2005, tí wọ́n fi dárí bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: orílẹ̀-èdè tó jẹ gbèsè kò lè kàn lọ bẹ̀bẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá àjọ IMF fọwọ́ sí ètò kan, kó fi hàn pé òun yóò dín ìnáwó kù, òun yóò gba owó orí bó ṣe yẹ, òun kò sì ní tẹ owó jákujàku mọ́. Bí IMF bá ti ní ó dára, àwọn ayánilówó yóò jókòó. Ní oṣù kọkànlá 2001, wọ́n jókòó lórí gbèsè ohun tó kù lára Yugosláfíà, tí Sérbíà ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, gbèsè tó tó bílíọ̀nù 4.5 dọ́là. Wọ́n gbà láti dárí ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jì wọ́n, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá 51 ló kọ́kọ́ lọ; ìdá 15 yòókù dúró de ìgbà tí wọ́n bá parí ètò IMF. Èyí ni pé bí ìjọba bá yẹ àdéhùn, ìdáríjì náà yóò dúró sójú ọ̀nà. Kì í ṣe Đelić nìkan ló ṣe é. Mlađan Dinkić tó jẹ́ gómìnà báǹkì àpapọ̀ àti àwọn aṣojú ìjọba àpapọ̀ Yugosláfíà wà níbẹ̀. Àmọ́ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ bí àwọn tó wà lódìkejì tábìlì ṣe ń ṣírò kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè fi ìṣirò dẹ́rù bà.

Gbèsè inú ilé ńkọ́? Ìjọba kò ní owó tó lè dá padà fún gbogbo ẹni tí báǹkì ti ilẹ̀kùn mọ́ owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nípa òfin ọdún 2002 ni pé wọ́n sọ ìpamọ́ náà di bọ́ǹdì, ìwé tí ìjọba fi jẹ́wọ́ gbèsè, tí wọ́n ń san ní yúrò lọ́dọọdún títí di 2016. Ẹni tó lè mú sùúrù gba owó rẹ̀ bí ọdún ti ń yí. Ẹni tí kò lè dúró, bóyá nítorí àìsàn tàbí ọjọ́ orí, lè ta bọ́ǹdì náà ní ọjà ìpín-ìdókòwò Belgrade, kó gba iye tó kéré sí ohun tó wà nínú ìwé. Lójú onímọ̀ ìṣirò, ojútùú tó mọ́ ni. Lójú ìyá ẹni ọdún 78 tó nílò owó rẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an, ọdún 14 gùn ju ẹ̀mí tó kù lọ. Síbẹ̀, mo gbà pé ó ṣe wọ́n lóore, nítorí wọ́n san án, àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú sì san án. Fún àwọn tí ìjọba ti jà lólè rí, sísan gbèsè lọ́jọ́ tí wọ́n dá kì í ṣe nǹkan kékeré.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ìròyìn kì í sọ púpọ̀. Láti ìgbà kọ́múníìsì, bí iléeṣẹ́ kan ní Sérbíà bá fẹ́ san owó fún òmíràn, kì í lọ sí báǹkì. Ọ́fíìsì ìjọba kan ni gbogbo owó sísan ń gbà kọjá. Ìjọba ń rí gbogbo owó tó ń rìn, ó lè dá a dúró, ó lè yọ nínú rẹ̀. Ní ìparí 2002 wọ́n tú ọ́fíìsì yẹn ká, báǹkì gba iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ owó ìjọba fúnra rẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ mínísítà ètò ìnáwó. Wọ́n sọ owó orí tó wà lórí owó oṣù di ìdá 14 fún gbogbo ènìyàn. Ní 2001 kan náà, wọ́n ṣe òfin owó orí ẹlẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún àwọn tó fi ojú rere ìjọba Milošević kó ọrọ̀ jọ. Ọjà tó ń sáré gòkè bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn: iye tí owó nǹkan fi lé lọ́dún kan jẹ́ nǹkan bí ìdá 40 ní 2001, ó di nǹkan bí ìdá 15 ní 2002, ní 2003 ó ti sún mọ́ ìdá 8.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò ni títa iléeṣẹ́ ìjọba. Agbaninímọ̀ràn mìíràn ló wà nídìí èyí: Aleksandar Vlahović, mínísítà tó ń bójú tó o, ti wá láti iléeṣẹ́ Deloitte. Òfin oṣù kẹfà 2001 sọ pé kí wọ́n ta ìdá 70 iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá lówó, kí ìyókù jẹ́ ti òṣìṣẹ́ àti ará ìlú. Fún iléeṣẹ́ ńlá, àwọn tó fẹ́ rà á yóò kọ iye tí wọ́n máa san, owó tí wọ́n máa fi tún un ṣe àti bí wọ́n ṣe máa tọ́jú òṣìṣẹ́, wọ́n á fi ránṣẹ́. Èyí tí kò tóbi púpọ̀, gbàǹjo ni wọ́n ń lù ú. Àwọn iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì mẹ́ta wà lára èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni láti òkè òkun. Lafarge ti ilẹ̀ Faransé gba ti Beočin.

Ẹ wo ti Sartid, iléeṣẹ́ irin tó wà ní Smederevo létí odò Danube. Ó jẹ gbèsè tó ga ju orí rẹ̀ lọ. Ní 2003, US Steel ti Amẹ́ríkà rà á ní mílíọ̀nù 23 dọ́là, láìru gbèsè náà. Àwọn báǹkì tó yá a lówó pariwo. Fún ọdún díẹ̀, iléeṣẹ́ náà wà lára àwọn tó ń ta ọjà sí òkèèrè jù ní gbogbo Sérbíà. Nígbà tí owó irin já lulẹ̀ lágbàáyé, US Steel dá a padà fún ìjọba ní oṣù kìíní 2012, iye tí wọ́n sì gbà ni dọ́là 1. Nígbà tó yá, wọ́n fi Sartid kún títa iléeṣẹ́ 24 tí ìjọba ní kí wọ́n tún yẹ̀ wò nítorí iyèméjì. Ṣé títà náà ṣe rere àbí ibi? Àwọn òṣìṣẹ́ Smederevo rí owó oṣù gbà fún ọdún mẹ́sàn-án nídìí iṣẹ́ tó ti fẹ́ kú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké wà tí ẹni tó ra ilé-ẹ̀rọ wọn kàn ta ilẹ̀ àti ẹ̀rọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìwé àbá máa ń sọ pé òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí iṣẹ́ mìíràn nínú iléeṣẹ́ tuntun tó máa yọ. Ẹni ọdún 50 tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jó irin kò lè yí padà bẹ́ẹ̀ yẹn. Ibi tí àbá agbaninímọ̀ràn ti kù díẹ̀ káàtó jù nìyí, nítorí pé kì í sábà dúró títí tí á fi rí ojú ẹni náà. Mínísítà kò lè ṣàì rí i.

Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹta 2003, wọ́n yìnbọn pa Đinđić lójú ọ̀nà àbáwọlé ọ́fíìsì ìjọba ní Belgrade. Ẹni tó mú àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí wọ ìjọba ti lọ. Ìjọba náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Vojislav Koštunica di olóòtú ìjọba ní oṣù kẹta 2004, kò sí Đelić lára àwọn tó mú. Ìyẹn náà wà lára bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: mínísítà tí kò ní ìbò tirẹ̀, agbára ẹni tó yàn án ni agbára rẹ̀.

Ó dà bí ẹni pé ó kọ́gbọ́n nínú èyí. Ó lọ sí báǹkì, ó bá Crédit Agricole ti ilẹ̀ Faransé ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tún wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic Party tí Đinđić darí títí tó fi kú. Ní ìbò oṣù kìíní 2007, òun gan-an ni ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀ pé àwọn fẹ́ fi ṣe olóòtú ìjọba. Wọn kò rí ìbò tó pọ̀ tó láti dá ìjọba ṣe. Lẹ́yìn ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dúnàá dúrà, Koštunica ló padà sórí àga yẹn, Đelić sì di igbákejì rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ pé kó mú Sérbíà sún mọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Láti 2008 wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kún un fún un.

Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹrin 2008, ní Luxembourg, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìbáṣepọ̀ láàárín Sérbíà àti àjọ náà. Ààrẹ Boris Tadić dúró tì í. Olóòtú ìjọba tó ń ṣe igbákejì fún kò sì fẹ́ ìwé yẹn: Kosovo, ẹkùn tí Sérbíà kà sí tirẹ̀, ti kéde òmìnira ní oṣù kejì, Koštunica sì gbà pé fífọwọ́ sí i dà bí ìgbà tí wọ́n fara mọ́ ìkéde náà. Ìbò gbogbogbò ku ọjọ́ 12. Ẹ rántí agbaninímọ̀ràn tó ti wọ bàálù lọ kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, orúkọ ẹni yìí fúnra rẹ̀ ló wà lórí ìwé, àwọn kan sì ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Ìdìbò náà gbe ẹgbẹ́ Đelić. Lọ́jọ́ 19 oṣù kejìlá 2009, àwọn ará Sérbíà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù láìgba físà, àwọn tó ti ń tò níwájú ọ́fíìsì aṣojú ilẹ̀ òkèèrè láti òwúrọ̀ kùtù fún ọdún púpọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Tadić gbé ìwé ìbéèrè fún dídi ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí Stockholm. Đelić ṣèlérí pé bí wọn kò bá gba Sérbíà gẹ́gẹ́ bí olùdíje fún ipò náà, òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2011, àwọn olórí Yúróòpù sún ìpinnu náà síwájú nítorí wàhálà Kosovo. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹta 2012, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, wọ́n fún Sérbíà ní ipò olùdíje náà. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn, nítorí kò pọ̀ lágbègbè yẹn, kò sì pọ̀ níbòmíràn, kí òṣèlú sọ pé òun á lọ, kó sì lọ.

Lẹ́yìn náà ó wọ Lazard, iléeṣẹ́ tó ń gba ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá nímọ̀ràn lórí owó. Ibẹ̀ ni òfin ní láti là kedere. Ẹni tó ti jẹ́ mínísítà mọ àṣírí àpò ìlú. Ó mọ ohun tí ìjọba lè gbà àti ohun tí kò lè gbà. Bí oníṣòwò bá fowó ra ìmọ̀ yẹn lọ́jọ́ kejì tó jáde, ìlú ló pàdánù. Òfin tí Sérbíà ṣe ní 2008, tí àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2010, sọ pé láàárín ọdún méjì, ẹni tó kúrò nípò kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ipò àtijọ́ rẹ̀ tan, àyàfi bí àjọ náà bá fún un láṣẹ. Ọdún méjì kò pọ̀ lójú mi. Ìmọ̀ nípa gbèsè orílẹ̀-èdè kì í gbó kíákíá bẹ́ẹ̀.

Sérbíà kò dáwọ́ dúró nídìí wíwá mínísítà láàárín àwọn agbaninímọ̀ràn. Ní oṣù kẹsàn-án 2013, Lazar Krstić, ọmọ ìlú Niš tó kàwé ní Yale tó sì ti ṣiṣẹ́ ní McKinsey, di mínísítà ètò ìnáwó lẹ́ni ọdún 29. Ó wo ìwé, ó rí i pé owó tó ń jáde ju èyí tó ń wọlé lọ púpọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n gé owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àti owó ìfẹ̀yìntì lọ́nà tó le ju bí olóòtú ìjọba Aleksandar Vučić ṣe fẹ́ lọ. Wọn kò gbà fún un. Ní oṣù keje 2014 ó fiṣẹ́ sílẹ̀ láìpé ọdún kan. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba kan náà gé owó ọ̀hún lọ́wọ́ mínísítà mìíràn, ó sì rọra ṣe é: ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ju 25,000 dinar lọ, wọn kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Láti ibẹ̀ sókè, wọ́n ń yọ ìdá 22 nínú ohun tó bá lé, wọ́n sì ń yọ ìdá 25 nínú èyí tó bá kọjá 40,000. Ọdún mẹ́rin ni àwọn arúgbó fi ru ìyókù, kí wọ́n tó fagi lé e ní 2018.